NÍTI RÍRA ALÙPÙPÙ ÀTI ỌKỌ̀ AYỌ́KẸ́LẸ́ KÉKERÉ FÚN ÌRÌN OJOOJÚMỌ́

Nígbà tí a bá ti ta kòkó tán, tí owó sì wọlé, ọ̀pọ̀ baálé ilé ni í máa rò ó lọ́kàn pé ó tó àkókò láti sinmi ẹsẹ̀ rírìn àti owó ọkọ̀ sísan lójoojúmọ́. Èrò rere ni. Ẹni tí oko rẹ̀ jìnnà, tí ọjà rẹ̀ sì wà ní ìlú mìíràn, kò lè ṣe kí ó má wá ohun tí yóò máa gbé e. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ni ó wà tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ tí wọ́n rà fún ìrọ̀rùn ni ó sọ wọ́n di onígbèsè. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ bá epo lọ, owó ajílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọkọ̀ náà sì dúró sí abẹ́ igi ọ̀dán títí koríko fi bò ó mọ́lẹ̀. Kì í ṣe pé ọkọ̀ náà burú. Ìwọ̀n rẹ̀ ni kò bá ìwọ̀n ilé náà mu. Àwọn àgbà sì ti wí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé wa mú lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju ọ̀kan lọ: iye tí a fi ra ọkọ̀ kọ́ ni iye tí ọkọ̀ ń náni. Owó rírà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń san án. Owó epo, owó táyà, owó àtúnṣe àti owó ìwé, a óò máa san wọ́n níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ náà bá ń rìn. Nítorí náà, ẹni tí ó gbọ́n a máa ṣe ìṣirò ọdún kan gbáko kí ó tó ka owó lé oníṣòwò lọ́wọ́.

I. Ẹ KỌ́KỌ́ WỌN ÌRÌN YÍN

Kí ẹnikẹ́ni tó lọ sí ọjà ọkọ̀, kí ó mú ìwé àti gègé, kí ó sì kọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀. Èkíní, kìlómítà mélòó ni mo ń rìn lójúmọ́, ní lílọ àti bíbọ̀? Èkejì, kí ni mo ń gbé: èmi nìkan ni, tàbí èmi àti ìyàwó àti àwọn ọmọ, tàbí àpò kòkó àti apẹ̀rẹ̀ tòmátì? Ẹ̀kẹta, irú ọ̀nà wo ni mo ń gbà: ọ̀nà ọ̀dà ni, tàbí ọ̀nà amọ̀, tàbí ipa ọ̀nà oko tí kò gba ju ènìyàn kan lọ? Ìdáhùn mẹ́ta wọ̀nyí ni yóò yan ọkọ̀ fún un, kì í ṣe ojú aládùúgbò, kì í sì í ṣe ẹnu dídùn oníṣòwò.

Bí ẹnìkan bá rí i pé ìrìn òun kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ, kí ó má tijú láti máa wọ ọkọ̀ èrò lọ. Ọkọ̀ tí ó dúró sójú kan pẹ̀lú ń jẹ owó: bátìrì rẹ̀ a máa kú, táyà rẹ̀ a máa gbẹ, ìwé rẹ̀ a sì máa parí ní ọjọ́ rẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jáde.

II. ÌṢIRÒ EPO

Gbogbo wa ni a mọ bí ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù ti rí láti ọdún 2023. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún náà ni a kéde pé ìrànwọ́ owó tí Ìjọba ń ṣe lórí epo ti dópin. Kí oṣù náà tó parí, iye lítà kan ní àwọn ilé epo NNPC ní Èkó ti kúrò ní nǹkan bí 185 náírà, ó ti di 488 náírà, ó sì tún gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà. Láti ìgbà náà wá, iye epo tí ọkọ̀ ń mu kì í tún ṣe ohun kékeré tí a lè gbójú fò.

Ẹ jẹ́ kí a fi àgbẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń rin kìlómítà 30 lójúmọ́, ní ọjọ́ 5 nínú ọ̀sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 50 nínú ọdún. Ìrìn rẹ̀ lọ́dún jẹ́ kìlómítà 7,500. Kí ìṣirò lè rọrùn, a fi 1,000 náírà ṣe iye lítà kan. Kí olúkúlùkù fi iye tí ó ń rà á ní àdúgbò tirẹ̀ dípò rẹ̀.

Alùpùpù kékeré tí ń rin kìlómítà 45 lórí lítà kan yóò mu lítà 167 lọ́dún: 167,000 náírà.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré tí ń rin kìlómítà 12 lórí lítà kan yóò mu lítà 625: 625,000 náírà.

Ọkọ̀ jíìpù ńlá tí ń rin kìlómítà 7 lórí lítà kan yóò mu lítà 1,071: 1,071,000 náírà.

Ẹ wò ó dáradára. Ìrìn kan náà ni, ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gun jíìpù ti fi 446,000 náírà ju ẹni tí ó wa ọkọ̀ kékeré lọ. Ní ọdún 5, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 2,230,000 náírà, a kò sì tíì ka táyà àti àtúnṣe mọ́ ọn. Bí a bá ta jíìpù fún un ní ẹ̀dínwó, tí ó sì rò pé òun jèrè, àárín ọdún mélòó kan ni epo yóò ti gba èrè náà padà.

Bí ẹ bá ti ní ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ẹ sì fẹ́ mọ iye epo tí ó ń mu ní tòótọ́, ọ̀nà rẹ̀ kò le. Ẹ bu epo kún táǹkì dé ẹnu, kí ẹ sì kọ iye kìlómítà tí ó wà lójú aago ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹ rin ìrìn yín bí ẹ ti ń ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ tún bu epo kún un dé ẹnu gẹ́gẹ́ bí ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ iye lítà tí ó gbà. Ẹ fi iye lítà náà pín iye kìlómítà tí ẹ rìn. Iye tí ó bá jáde ni òtítọ́, ó sì sàn ju ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni lè fẹnu sọ lọ. Bí iye náà bá ń dínkù láti oṣù dé oṣù, ọkọ̀ náà ń ké pe mẹkáníìkì.

III. NÍTI ALÙPÙPÙ

Alùpùpù, tí àwọn ará wa sọ ní ọ̀kadà láti ara orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Olóyè Gabriel Igbinedion tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ni ó rọrùn jù lọ fún ẹni tí ó ń dá rìn lórí ọ̀nà oko. Ṣùgbọ́n irú ẹ́ńjìnnì méjì ni ó wà, ó sì yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ wọn.

Èkíní ni onígbésẹ̀ méjì. Nínú èyí, iná a máa ṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí písítìnì bá ti gòkè. Ó yára, ó sì rọrùn láti tú. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú epo tí kò tíì jó a máa bá èéfín jáde, a sì gbọ́dọ̀ máa fi ọ́ìlì jó pọ̀ mọ́ epo bẹntiróòlù. Suzuki AX100 àti àwọn tí àwọn ará Ṣáínà ṣe ní àwòrán rẹ̀ jẹ́ irú èyí. Èkejì ni onígbésẹ̀ mẹ́rin. Nínú èyí, písítìnì a máa fa epo àti afẹ́fẹ́ wọlé, a fún wọn pọ̀, iná a gbà wọ́n, nígbà náà ni yóò tó ti èéfín jáde. Epo tí ó wọlé ni ó ń jó tán jù, ọ́ìlì rẹ̀ sì ń gbé inú ẹ́ńjìnnì láì bá epo jó. Fún ẹni tí ń ṣọ́ owó, onígbésẹ̀ mẹ́rin ni kí ó rà.

Àwọn ará Japan ni wọ́n kọ́ ayé ní alùpùpù onígbésẹ̀ mẹ́rin kékeré. Honda gbé Super Cub jáde ní 1958, nígbà tí ó sì fi di 2017, wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 100 lọ nínú irú rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1970 ni wọ́n tún ṣe Honda CG125, tí àwọn bàbá wa mọ̀ dáradára. Ohun tí ó mú un yàtọ̀ ni pé wọ́n ro ti ilẹ̀ tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára, níbi tí a ti ń gbé ẹrù wúwo, tí a kì í sì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Wọ́n bo ṣéènì rẹ̀ mọ́ inú àpótí irin kí eruku má baà jẹ ẹ́, wọ́n sì fi ọ̀pá irin tí kì í tètè bàjẹ́ ṣí ẹnu ọ̀nà epo àti èéfín. Ohun tí ó lẹ́wà jù ni ọ̀pọ̀ ń wò; ohun tí ó gbára jù ni àwọn wọ̀nyí wò.

Lónìí, púpọ̀ nínú alùpùpù tuntun tí a ń rí ní ilẹ̀ wa, bíi Bajaj Boxer àti TVS, láti ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kẹ́gàn wọn nítorí èyí, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn ará Japan ni àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti kọ́ iṣẹ́: Bajaj bá Kawasaki ṣiṣẹ́ pọ̀, TVS sì bá Suzuki ṣiṣẹ́ pọ̀ títí di 2001.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yan nínú wọn, ẹ wo àwọn nǹkan wọ̀nyí:

Agbára ẹ́ńjìnnì. Èyí tí ó jẹ́ 100 tó fún ẹni kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú, òun ni ó sì ń mu epo kéré jù. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òkè, bí apá Èkìtì àti Ìdànrè, tàbí tí ó ń gbé ẹrù, kí ó ra 125 tàbí 150; nítorí ẹ́ńjìnnì kékeré tí a ń fi ipá lò a máa mu epo ju ńlá tí ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lẹ́ lọ, a sì máa tètè gbó.

Ẹ̀yà pípààrọ̀. Kí ẹ tó ra alùpùpù, ẹ lọ bá ẹni tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní ìlú yín, kí ẹ béèrè iye bíréèkì, ṣéènì àti púlọ́ọ̀gì irú èyí tí ẹ fẹ́ rà. Bí ó bá jẹ́ pé Ìbàdàn tàbí Nnewi ni ẹ óò ti máa ránṣẹ́ rà wọ́n, ẹ fi í sílẹ̀, bí ó ti wù kí ó dára tó. Alùpùpù tí gbogbo mẹkáníìkì abúlé mọ̀ ni alùpùpù tí ó pọ́n lówó.

Ẹrù. Púpọ̀ nínú alùpùpù ni a ṣe fún ènìyàn méjì péré. Ẹni tí ó gbé ènìyàn mẹ́ta àti àpò gbágùúdá sórí rẹ̀ kì í ṣe owó ni ó ń pa mọ́; táyà, ìrọ́jú ẹ̀yìn àti bíréèkì ni ó ń bàjẹ́, ó sì ń fi ẹ̀mí àwọn tí ó gbé wéwu.

Àṣíborí. Kí iye àṣíborí wà nínú owó alùpùpù láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún ẹni tí ń wà á, ọ̀kan fún ẹni tí ó gbé sẹ́yìn. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fi ọwọ́ líle mú òfin àṣíborí, àwọn ọlọ́kadà kan fi igbá dé orí láti fi tan àwọn ẹ̀ṣọ́. Wọ́n lè tan ẹ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀dà kò ṣeé tàn. Ìwádìí àwọn oníṣègùn fi hàn pé àṣíborí gidi a máa dín ewu ikú nínú ìjàm̀bá alùpùpù kù ní ìdá 42 nínú 100, a sì máa dín ewu ọgbẹ́ orí kù ní ìdá 69 nínú 100. Kò sí ẹ̀yà alùpùpù mìíràn tí a fi owó kékeré rà tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

IV. NÍTI ỌKỌ̀ AYỌ́KẸ́LẸ́ KÉKERÉ

Bí ẹ bá ní ọmọ mẹ́rin, tí ẹ ń kó wọn lọ sí ilé-ìwé àti sí ṣọ́ọ̀ṣì, alùpùpù kò tó. Ọkọ̀ kékeré ni ọ̀rọ̀ kàn. Púpọ̀ nínú wa kò sì lè ra tuntun. Tòkunbọ̀ ni a ń rà, tí a sọ ní orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí ó sì padà wálé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti Japan gan-an ni ọkọ̀ Japan tí wọ́n rà ti wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Japan, ọwọ́ ọ̀tún ọkọ̀ wọn ni ìdarí sì wà. Ní ilẹ̀ wa, a ti kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972. Nítorí náà, ọkọ̀ tí a ti lò ní Japan ń lọ sí Kenya, Uganda àti Tanzania, tí wọ́n ń gba ọwọ́ òsì. Tiwa ń wá láti Amẹ́ríkà, Kánádà àti Yúróòpù. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tí a ti gbé ìdarí rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, ẹ máa bá tiyín lọ, nítorí iṣẹ́ tí a gbẹ́ lọ́wọ́ lórí ìdarí jẹ́ iṣẹ́ tí ó lè yẹ̀ nígbà tí a kò retí.

Níti irú ọkọ̀ tí ó bá àpò mẹ̀kúnnù mu, Toyota Corolla ni ó gbajúmọ̀ jù. Láti 1966 ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì ti tà ju mílíọ̀nù 50 lọ káàkiri ayé. Àǹfààní rẹ̀ ní ilẹ̀ wa ni pé ẹ̀yà rẹ̀ wà ní gbogbo ọjà, láti Ládípọ̀ ní Múṣin títí dé Aráròmí ní Gáàtì, Ìbàdàn, mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n sì ṣọ̀wọ́n. Toyota Starlet, tí wọ́n dá ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 1999 tí Yaris sì gba ipò rẹ̀, kéré sí i, epo rẹ̀ sì dín. Nissan Micra àti Honda Civic náà wà.

Àwọn àbùkù kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Nínú Starlet oníwọ̀n 1.3, okùn rọ́bà ni ó so apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì pọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ di pípààrọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ti rin nǹkan bí kìlómítà 100,000. Bí ó bá já lójú ọ̀nà, ọkọ̀ kú nìyẹn. Corolla oníwọ̀n 1.8 ti 2003 sí 2008 ní ṣéènì irin dípò rọ́bà. Ṣùgbọ́n nínú Corolla oníwọ̀n 1.8 tí ó ti Amẹ́ríkà wá, láti ọdún 1998 sí 2002, òmíràn wà tí òrùka písítìnì rẹ̀ kò dára tó, tí ó sì máa ń jó ọ́ìlì. Ẹni tí ó bá ra irú èyí, kí ó máa wọn ọ́ìlì rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Èyí tí ó kan ẹ̀mí ni ọ̀rọ̀ àpò afẹ́fẹ́ tí ń wú jáde níwájú awakọ̀ nígbà ìjàm̀bá. Ilé-iṣẹ́ kan ní Japan tí ń jẹ́ Takata ṣe irú àpò yìí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, nínú wọn ni àwọn Honda Civic àti Toyota Corolla kan tí a ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Oògùn tí ó ń mú àpò náà wú a máa bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá bá a jà fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí ó bá sì ṣẹ́, dípò kí ó wú àpò nìkan, yóò fọ́ irin tí ó yí i ká, àfọ́kù irin náà yóò sì ta bá ènìyàn bí ọta ìbọn. Ènìyàn ti kú nípa rẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì pe àìmọye ọkọ̀ padà láti pààrọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ wa sì rèé, ilẹ̀ ooru àti ọ̀rinrin ni. Ẹ fún ọmọ yín tí ó mọ íńtánẹ́ẹ̀tì lò ní nọ́ḿbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà kí ẹ tó rà á. Yóò lè wò ó lójú ìwé àwọn tí ń ṣọ́ ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà bóyá wọ́n ti pààrọ̀ àpò náà. Bí a kò bá tíì pààrọ̀ rẹ̀, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ tọ aṣojú ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà lọ.

V. BÍ A TI Í YẸ TÒKUNBỌ̀ WÒ

Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, ẹ má ṣe gba ti oníṣòwò. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kí ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n má ṣe tan án kí ẹ tó dé. Ọ̀pọ̀ àbùkù ni í farapamọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná.

1. Nọ́ḿbà ìdánimọ̀. Àmì 17 ni ó wà nínú rẹ̀, a sì máa rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J, Japan ni a ti ṣe é. Bí ó bá jẹ́ 1, Amẹ́ríkà ni. Bí ó bá jẹ́ 2, Kánádà ni. Nínú ọkọ̀ tí a ṣe fún Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ni ó ń sọ ọdún: 3 ni 2003, 8 ni 2008, A ni 2010. Bí oníṣòwò bá pè é ní 2008 tí àmì kẹwàá sì jẹ́ 4, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá ná owó.

2. Aago ìrìn. Ti Amẹ́ríkà, máìlì ni ó ń kà. Máìlì kan ju kìlómítà kan àti ààbọ̀ lọ, nítorí náà 120,000 lójú aago rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 193,000.

3. Èéfín. Bí ó bá dà bí aró, ọ́ìlì ni ó ń jó. Bí ó bá dúdú, epo tí ń wọlé ti pọ̀ jù. Bí ó bá funfun tí kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi ń wọ ibi tí iná ti ń ṣẹ́, owó ńlá sì ni àtúnṣe rẹ̀.

4. Ìdérí ọ́ìlì. Ẹ ṣí i. Bí ẹ bá rí ohun tí ó dà bí ògì lábẹ́ rẹ̀, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Ẹ máa lọ.

5. Àmì ìkún omi. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí a ń kó wá jẹ́ èyí tí ìjàm̀bá tàbí ìkún omi ti bàjẹ́ níbẹ̀. Ẹ ká àtẹ́ẹ̀rẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ sókè, ẹ wo irin abẹ́ àga, ẹ fi imú gbóòórùn. Bí ẹ bá rí ẹrẹ̀ gbígbẹ, ìpẹtà, tàbí tí ẹ bá gbọ́ òórùn ilé tí a tì pa, ọkọ̀ náà ti mu omi. Wáyà inú rẹ̀ yóò máa kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

6. Táyà. Lára rẹ̀, ẹ wá nọ́ḿbà mẹ́rin tí ó wà nínú àpótí kékeré. Bí ó bá jẹ́ 2319, ó túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni a ṣe é. Táyà tí ó ti gbó lọ́jọ́ orí lè bẹ́ lójú ọ̀nà bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ń dán.

VI. NÍTI ÌWÉ ÀTI ÒFIN

Kí ìdùnnú má ṣe mú yín gbàgbé ìwé. Ọkọ̀ púpọ̀ ni ó ń gúnlẹ̀ sí Kútọnù ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n sì ń gba inú igbó wọ ilẹ̀ wa. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2017 ni Ìjọba ti kéde pé a kò gbọ́dọ̀ gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé mọ́, bí kò ṣe láti èbúté. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ tí a kò san owó orí rẹ̀, ohun tí àwọn aṣọ́bodè lè gbà lójú ọ̀nà ni ó rà. Ẹ béèrè ìwé owó ibodè, kí ẹ sì rí i pé nọ́ḿbà ìdánimọ̀ tí ó wà nínú ìwé bá èyí tí ó wà lára ọkọ̀ mu, láì yẹ àmì kan.

Níti alùpùpù, kí ẹni tí ń gbé Èkó tàbí tí ń lọ síbẹ̀ mọ òfin ibẹ̀. Láti 1 oṣù kejì 2020 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti kéde pé kí ọ̀kadà kúrò ní àwọn agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ kan, wọ́n sì tún mú un le ní 1 oṣù kẹfà 2022. Wọ́n ti gba ọ̀pọ̀ alùpùpù, wọ́n sì ti fọ́ wọn túútúú. Ẹni tí ó bá yá owó ra alùpùpù láti fi ṣiṣẹ́ ní irú ibi bẹ́ẹ̀ ń gbin iṣu sórí àpáta.

VII. ÌTỌ́JÚ

Ọkọ̀ tí kì í jẹ owó, ọwọ́ olúwa rẹ̀ ni ó ti ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì gẹ́gẹ́ bí ìwé tí ó bá a wá ti wí, kí ẹ sì ṣe é ṣáájú àkókò náà bí ọ̀nà yín bá jẹ́ eléruku. Ẹ fọ àsẹ́ afẹ́fẹ́ alùpùpù nígbà ọyẹ́, nítorí eruku a máa dí i, epo a sì máa ṣòfò. Ẹ máa fún táyà ní afẹ́fẹ́ tí ó tó, nítorí táyà tí ó rọ̀ ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí ń rìn nínú ẹrẹ̀. Ẹ má ṣe ṣí rédíétọ̀ nígbà tí ó bá gbóná. Ẹ má ṣe sáré àsápajúdé. Ẹni tí ó rọra ń lọ a máa fi epo pamọ́, a sì máa fi ẹ̀mí pamọ́.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹ dá àpò kan sọ́tọ̀ fún ọkọ̀. Bí ẹ bá ń fi 2,000 náírà síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ 50 yóò di 100,000. Nígbà tí táyà bá sì parí, ẹ kò ní ta iṣu irúgbìn láti fi rà á.

VIII. ÈWO NI KÍ A RÀ?

Ẹni tí ó ń dá rìn, tí oko rẹ̀ kò sì jìnnà, kí ó ra alùpùpù onígbésẹ̀ mẹ́rin, oníwọ̀n 100 tàbí 125, pẹ̀lú àṣíborí méjì. Ẹni tí ó ní ìdílé tí ó sì ń rìn lójoojúmọ́, kí ó ra ọkọ̀ kékeré tí ẹ̀yà rẹ̀ wà nítòsí, lẹ́yìn tí ó bá ti yẹ nọ́ḿbà, èéfín, táyà àti ìwé rẹ̀ wò. Ẹni tí ó ní ẹrù púpọ̀ ní àsìkò ìkórè nìkan, kí ó ra èyí tí ó tó ìrìn ojoojúmọ́, kí ó sì háyà ọkọ̀ ẹrù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìkórè fi wà. Kò sí ọgbọ́n nínú kí a máa bọ́ ẹṣin ńlá ní oṣù 12 nítorí ẹrù oṣù 2.

Kí olúkúlùkù jókòó pẹ̀lú aya rẹ̀, kí wọ́n fi ìwé àti gègé ṣe ìṣirò náà pọ̀, nítorí inú àpò kan náà ni owó epo àti owó ọbẹ̀ ti ń jáde. Bí ìṣirò náà bá dọ́gba, kí wọ́n rà á. Bí kò bá dọ́gba, kí wọ́n dúró de ìkórè tí ń bọ̀.